Páúdà Tó Ń Fà Bí Irú Yín

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti di oṣù mẹ́jọ báyìí tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ kò kàwé. Nígbà tí ẹ wà, èmi ni mo máa ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù yín sí yín létí, ẹ ó sì ní kí n tún un kà, kí ẹ lè fi ohùn mi mọ̀ bóyá inú ẹni tó kọ ọ́ dùn tàbí ó ń bínú. Nítorí náà, bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí ni mo ń kà á sókè. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ pọ̀, apá kan nínú rẹ̀ sì ń tì mí lójú.

Kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé fún yín. Ara Bọ̀dá Mùtíù, àkọ́bí yín, le. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń kan àga ní Ṣógúnlé ti gbòòrò sí i, ìyàwó wọn sì ti bí obìnrin. Àlímọ́tù ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ yín. Kò jọ yín rárá, àfi tó bá ń bínú. A ti dá yàrá yín ní Òkè-Àfà padà fún onílé, èmi sì ti kó lọ sí Èjìgbò. Ìyá Kúdí, tí ògiri kan ṣoṣo pín yàrá wọn pẹ̀lú tiyín, ni wọ́n gba ìkòkò yín méjèèjì tọ́jú. Wọ́n ní wọn ò rọ ìkòkò tó nípọn bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mo ṣì wà níbi iṣẹ́ ìpara tí ẹ mọ̀, ní Ìsọlọ̀. Àwa òṣìṣẹ́ mẹ́rin la wà níbẹ̀, àti ọ̀gá wa, Àǹtí Bísí. Ẹ rántí pé nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ bi mí ni bóyá ìpara abóra ni a ń ṣe. Mo ní rárá, ìpara tó ń mú ara jọ̀lọ̀ ni. Ẹ mí kanlẹ̀, ẹ ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Awọ tí Ọlọ́run fi bo èèyàn kì í ṣe èèpo ẹ̀gẹ́ téèyàn ń bó dànù." Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ọ̀pọ̀ oníbàárà látìgbà náà. Mi ò sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́.

Nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ ni Àǹtí Bísí gbé páúdà tuntun kan dé. Ó funfun, ó fẹ́lẹ́, kò ní òórùn kankan. Orúkọ òyìnbó rẹ̀ gùn débi pé kò sí ìkankan nínú wa tó lè pè é dópin, la bá sọ ọ́ ní Amómidúró, torí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: ó ń di omi mú sára awọ, kò ní jẹ́ kó tètè gbẹ. Àǹtí Bísí bù ú bí iyọ̀ téèyàn máa bù sí ẹyin kan, wọ́n fi í wọ́n inú ife omi díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń rò ó. Nígbà tó yá, omi náà ki, ó ń dán bí ojú dígí. Wọ́n fi pa mí lẹ́yìn ọwọ́ òsì, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ mọ bí ọyẹ́ ṣe máa ń ṣe mí. Kí oòrùn tó kanrí, ọwọ́ ọ̀tún mi ti funfun bí ẹsẹ̀ adìyẹ, ó ń fún mi pọ̀ bí aṣọ tí kò tó mi. Ti òsì rọ̀ bí etí ọmọ tuntun. Mo gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mo ń wò ó, ẹnu yà mí. Omi kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni, Màámi. Téèyàn bá bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, á jò. Tó bá sì rí oòrùn, ó di pé à ń wá a. Àmọ́ páúdà tí kò kún ṣíbí yìí dá a dúró, ó ní kó jókòó, omi sì jókòó. Mo gba tirẹ̀. Mi ò tíì rí nǹkan kékeré tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n rọ ìyókù sínú ike. Ìbọ̀wọ́ mi ti ya, mo bá bọ́ ọ sílẹ̀, mo fọ ọwọ́ mi, mo ti ìka méjì bọ inú rẹ̀ láti mọ bó ṣe ki tó. Bí mo ṣe fa ìka mi sókè, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tẹ̀ lé e. Ó fà, ó fà, kò já. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n kí èmi alára tó mọ̀ ọ́n. Irú ni. Irú yín ni, lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹta, tí ẹ bá ṣí aṣọ lórí igbá, tí ẹ fi ìka gbé ẹyọ wóóro kan sókè láti wò ó bóyá ó ti fà tó.

Ọkùnrin kan wà tí wọ́n kàwé kẹ́mísìrì, Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀, tí wọ́n máa ń wá ní gbogbo Ọjọ́rú láti yẹ iṣẹ́ wa wò. Nígbà tí wọ́n dé, mo bi wọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n fi ń ṣe páúdà yìí?"

"Ẹ̀wà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i," wọ́n ní. "Ẹ̀wà sóyà. Lọ́hùn-ún, nílẹ̀ Japan, wọ́n máa ń sè é, wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀ títí á fi máa fà. Kòkòrò tín-ín-tín tójú ò lè rí ló ń hun okùn yẹn. Òun ni wọ́n ń fọ̀ mọ́, tí wọ́n ń gbẹ, tó fi di páúdà."

"Bíi ti irú?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín yẹn dúró lẹ́nu wọn, wọ́n gbójú sókè bí ẹni ń ṣírò nǹkan. "Bíi ti irú," wọ́n ní. "Ẹbí kan náà ni kòkòrò tó ń ṣiṣẹ́ lára méjèèjì. Ẹ ò rí nǹkan! Gbogbo ìwé tí mo kà, mi ò rò ó débẹ̀ rí. Ta ló ń ṣe irú nílé yín?"

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ, Màámi. Mo ní, "Kò sẹ́ni kankan o. Ọjà ni mo ti máa ń rí i."

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí. Ẹ ti wà nínú ilẹ̀. Kò sí ọmọ kíláàsì mi kankan nítòsí tó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ló dé tí ẹnu mi fi yá bẹ́ẹ̀?

Ọjọ́ yẹn kọ́ ni mo kọ́kọ́ sẹ́ yín. Àwa méjèèjì mọ̀.

Mi ò rí iṣẹ́ tó le tó tiyín rí. Àpò wóóro irúgbá á dé láti Ṣakí, ẹ ó dáná sí i láti ìdájí títí oòrùn á fi wọ̀, ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kí omi gbẹ lórí rẹ̀. Ẹ ó wá gún un pẹ̀lú eérú kí èèpo lè bó, ẹ ó fọ̀ ọ́ lómi bí ẹ̀ẹ̀meje, ẹ ó tún un sè, ẹ ó dà á sínú igbá, ẹ ó bò ó bí ẹni tí òtútù ń mú. Ẹ kì í wo aago. Imú yín ni aago yín. Tí ẹ bá ti bò ó tán, ẹ ó fi ọwọ́ gbá a pẹ́pẹ́, ẹ ó ní, "Sùn o. Mi ò ní jí ẹ." Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ó ń gbọ́ ni. Ìyá Kúdí sì máa ń sọ pé ọwọ́ yín ya àwọn lẹ́nu, pé bí ẹ ṣe ń ki ọwọ́ bọ omi gbóná tó, ó rọ̀ ju ti ìyàwó ọ̀ṣìngín lọ.

Àmọ́ òórùn irú kì í jókòó sílé. Ó ń bá mi lọ sílé ìwé. Nígbà tí mo wọ sẹ́kọ́ńdìrì, àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń di imú tí mo bá kọjá, wọn á ní ọbẹ̀ ti ń hó. Ọjọ́ kan, mo gbàgbé ìwé ìṣirò mi sílé. Ẹ gbé e wá lásìkò ìsinmi. Aṣọ tí ẹ fi ń dáná ló wà lára yín, eérú wà lẹ́sẹ̀ yín dé kókósẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí mo fẹ́ fi ṣọ̀rẹ́ bi mí pé, "Ta nìyẹn?" Ẹ ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí wa lọ. Mo ní, "Obìnrin kan ládùúgbò wa ni."

Ẹ na ìwé náà sí mi, ẹ ní, "Mọ́mì ẹ ní kí n gbé e fún ẹ." Ẹ yí padà, ẹ lọ.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ náà, oúnjẹ mi wà lórí tábìlì bí ó ṣe máa ń wà. Ẹ ò sọ nǹkan kan. Ẹ ò sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹ ò sọ ọ́ títí ẹ fi kú. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo fẹ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, tí mo tún gbé e mì? Kí lẹ bá ti sọ tí mo bá dá a sílẹ̀?

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí mo parọ́ fún Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀ ni wàhálà dé. Obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá l'Óṣòdì ní ká ṣe ìpara Amómidúró fún òun, irú èyí tí a ò tíì ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Tó bá fẹ́ràn rẹ̀, iṣẹ́ wa máa dúró; tí kò bá fẹ́ràn rẹ̀, Àǹtí Bísí ti ń sọ pé bóyá làwọn á lè máa san owó oṣù gbogbo wa. Wọ́n lọ ra ike lọ́jọ́ náà, wọ́n fi páúdà náà sílẹ̀ fún mi, gbogbo èyí tó kù. Wọ́n ní kí n máa wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀. Mo gbọ́. Àmọ́ ìkánjú bá mi. Mo fẹ́ kí wọ́n dé bá iṣẹ́ tó ti parí. Mo da gbogbo rẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó di kókó. Màámi, ẹ ò rí irú kókó bẹ́ẹ̀ rí. Ó dà bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ lójú omi, ara rẹ̀ ń yọ̀, inú rẹ̀ gbẹ táútáú. Mo ti míksà bọ̀ ọ́, ó tún wá ń yọ fófòó. Rónkẹ́, tí àwa méjèèjì jọ máa ń po ìpara, yọjú wò ó, ó káwọ́ lérí.

"Yéè! Ó ti bàjẹ́. Dà á nù kí ọ̀gá tó dé."

"Tí mo bá dà á nù, kí la máa fi ṣiṣẹ́?"

Ibẹ̀ la wà tí Àǹtí Bísí fi wọlé. Wọ́n wo bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n wo ọ̀rá tó ṣófo, wọ́n gbé àwọn ike sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

"Gbogbo ẹ̀ lo dà sí i?"

"Ẹ máa bínú, mà."

"Ṣé o mọ ìgbà tí òmíràn máa dé? Ìyá tó fẹ́ gbé e ń bọ̀ lọ́la! Lọ́la!" Wọ́n pe fóònù Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀, kò lọ, wọ́n ti rìnrìn àjò lọ sí Ìbàdàn. Àǹtí Bísí jókòó sórí àpótí. "Lọ dà á sí gọ́tà," wọ́n ní. "Kí ìwọ náà máa lọ sílé. Tí mo bá fẹ́ rí ẹ, màá pè ẹ́."

Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà dé ẹnu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi kọjá ibẹ̀. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni ọdún tí ẹ fẹ́ fi irú ránṣẹ́ sílé ìyàwó kan ní Ìsọlọ̀, tí irú náà kò tíì fà, tí àwọn ẹni tó rán yín níṣẹ́ dúró tì yín lórí. Mo ní kí ẹ tún iná dá sí i. Ẹ ní, "Ohun tó ń mu omi, wọn kì í lé e. Bó bá yó, á sọ." Ẹ dá àwọn èèyàn yẹn padà sílé, wọ́n sì padà wá lọ́jọ́ kejì.

Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì padà. Mo kúnlẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká dà á nù. Ẹ jẹ́ kó sùn."

"Kó sùn? Ọmọ ni?"

"Ẹ jẹ́ ká bò ó, ká má fọwọ́ kàn án títí di àárọ̀. Tí kò bá dáa, mi ò ní dúró kí ẹ tó lé mi."

"Ó dọwọ́ ẹ," wọ́n ní.

Mo fi ìdérí dé e, mo fi aṣọ mímọ́ di orí rẹ̀. Mo wẹ̀yìn, mo wo iwájú, kò sẹ́ni tó ń wò mí, mo bá fi ọwọ́ gbá a pẹ́pẹ́.

Lówùúrọ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ dé, àmọ́ mi ò lè ṣí i. Mo dúró kí àwọn yòókù pé. Àǹtí Bísí fúnra wọn ni wọ́n tú aṣọ náà. Kò sí kókó kan níbẹ̀. Fófòó ti lọ. Ó mọ́ kedere, a ń rí ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń wo inú kànga. Àǹtí Bísí ti ọ̀pá ìrò bọ̀ ọ́, wọ́n fà á sókè, okùn rẹ̀ gùn láti ọwọ́ wọn dé orí omi, ó ń mì lẹ́gẹlẹ̀gẹ, kò já.

"Dàpọ̀ ló kọ́ ẹ?"

"Rárá, mà. Ìyá mi ni."

"Ṣé kẹ́mísìtì làwọn náà ni?"

Àwọn mẹ́ta yòókù ń wò mí. Mo ní, "Irú ni wọ́n ń ṣe, mà. Òkè-Àfà ni wọ́n ti ń ṣe é. Irú ni wọ́n fi tọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi."

Mo ń retí ẹ̀rín. Ohùn Rónkẹ́ ni mo gbọ́. "Òkè-Àfà ibo? Má sọ fún mi pé Ìyá Mùtíù ni! Ìyá Mùtíù tó máa ń da ẹ̀ẹ̀nì sí i fún ọmọdé tí wọ́n bá rán níṣẹ́?"

"Àwọn ni."

"Háà! Ìyá mi kì í jẹ ti ẹlòmíràn. Wọ́n á ní ti àwọn yòókù ń pariwo nínú ọbẹ̀, ti Ìyá Mùtíù ń sọ̀rọ̀ ni. Ọdún mélòó la ti jọ wà níbí yìí tí o ò sọ?"

Àǹtí Bísí gbá mi léjìká. "Ìyá ẹ ló yẹ kó máa wá lọ́jọ́ Ọjọ́rú," wọ́n ní. "Ibo ni wọ́n wà báyìí?" Mo ní ẹ ti lọ. Wọ́n ní kí Ọlọ́run tẹ́ yín sáfẹ́fẹ́ rere, wọ́n sì gbé ìyókù iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́ níṣojú gbogbo wọn. Obìnrin Òṣòdì yẹn gba ìpara náà, ó ti padà wá lẹ́ẹ̀mejì látìgbà yẹn.

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀ dé, mo lọ bá wọn, mo jẹ́wọ́ pé irọ́ ni mo pa. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé okùn irú yẹn ló mú ọwọ́ ìyá mi rọ̀ tó bẹ́ẹ̀?" Mo fẹ́ kí wọ́n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Mi ò lè búra," wọ́n ní. "Mi ò rí ọwọ́ wọn. Ó lè jẹ́ òun, ó sì lè jẹ́ pé bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn. Má wá lọ fi irú para o. Tiwa yìí, wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní ni." Mo rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn wọn fún èsì yẹn. Ẹ̀yin náà, ẹ kì í fi kún ọ̀rọ̀.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí Òkè-Àfà lọ kí Ìyá Kúdí. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, àmọ́ wọ́n dá ẹsẹ̀ mi mọ̀ láti ẹnu géètì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: páúdà, irọ́, ọjọ́ ìwé ìṣirò. Mo rò pé mò ń tú àṣírí fún wọn ni. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Mo mọ̀," wọ́n ní. "Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo mọ̀. Ṣé o rántí pé yàrá mi lo ti máa ń wọ yunifọ́ọ̀mù?"

Mo rántí. Ẹ sọ fún mi nígbà yẹn pé eku ti pọ̀ nínú yàrá wa, pé wọ́n á jẹ aṣọ ilé ìwé mi, kí n máa wọ̀ ọ́ lọ́dọ̀ Ìyá Kúdí. Ọṣẹ ni Ìyá Kúdí ń tà láyé ìgbà yẹn, páálí ọṣẹ kún yàrá wọn dé àjà.

"Eku wo?" wọ́n ní. "Kò sí eku kankan. Bó ṣe ti ilé ìwé yín dé, ó ká aṣọ rẹ tó wà lórí okùn, ó fi igi gbé e wá, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní, 'Ìyá Kúdí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi í kọ́ sáàárín ọṣẹ yín. Òórùn ọwọ́ mi ò jẹ́ kọ́mọ yìí rójú.' Èmi ni mò ń fọ̀ ọ́, èmi ni mò ń lọ̀ ọ́. Òun ń pọnmi fún mi. Ọdún mẹ́fà gbáko, kò fọwọ́ kan aṣọ náà. Mo ní kí n bá ẹ wí, ó ní tí mo bá fi lè sọ ọ́, òun ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

Mo jókòó sílẹ̀ sẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn.

Láràárọ̀, Màámi, kí n tó máa lọ, ẹ máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Mo máa ń rí àwọn ìyá mìíràn tí wọ́n ń tún kọ́là aṣọ ọmọ wọn ṣe, tí wọ́n ń gbọn eruku ejìká wọn. Ẹ̀yin, ẹ ó kàn máa wò mí, ẹ ó ní, "Ó yẹ ẹ́." Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbà lọ́kàn mi pé ẹ ṣì ń bínú sí mi, pé ìdí nìyẹn tí ẹ kì í fi í fọwọ́ kàn mí tí mo bá ti wọṣọ tán. Èmi náà wá ń sá fún yín, mi kì í dúró pẹ́. Ọwọ́ tó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Ṣé kì í wù yín?

Mo sunkún lórí ẹsẹ̀ Ìyá Kúdí. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ó tó. Dìde. Tó o bá fẹ́ ṣe nǹkan kan fún ìyá ẹ, ìkòkò rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, kò níṣẹ́." Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn níṣẹ́ irú nígbà tí wọ́n fi ọṣẹ títà sílẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ò gbé ọmọrí odó mọ́, àmọ́ ẹnu àwọn ṣì gbé e.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ọmọ iṣẹ́, ní gbogbo Sọ́ńdè. Ti àkọ́kọ́ ò fà rárá. Mo ṣí i wò láìtọ́jọ́, Ìyá Kúdí sì gbóòórùn rẹ̀ látorí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n bú mi. Èkejì korò. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo jí dé Òkè-Àfà, mo ṣí aṣọ lórí igbá, mo fi ìka gbé wóóro kan. Ó fà. Mo fi han Ìyá Kúdí, wọn ò rí i, wọ́n na ìka wọn síta, mo fi okùn náà lé e. Wọ́n kàn ń mi orí.

Mo fi ewé pọ́n díẹ̀, mo gbé e lọ fún Bọ̀dá Mùtíù ní Ṣógúnlé. Mi ò ti sọ fún wọn pé mò ń kọ́ ọ. Wọ́n ń fá pákó lọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n tú ewé náà, wọ́n gbé e sún mọ́ imú, wọ́n dáwọ́ dúró. Wọ́n mú wóóro kan sẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá àga kan nínú èyí tí wọn ò tíì kàn tán, wọ́n jókòó sórí rẹ̀, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi. Ìyàwó wọn gbé ọmọ jáde, ó bi wọ́n bóyá ara wọn ò yá. Wọn ò kọjú sí wa.

"Ó jọ tiwọn," wọ́n ní.

Ṣé òótọ́ ni, Màámi?

Kí ilẹ̀ rọ̀ yín lọ́run.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín ju bó ṣe mọ̀ ọ́n sọ lọ.